Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́: Ìtàn Tí A Fi Igi Kọ

Bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbéra ní Ìfàkì-Èkìtì láàárọ̀, tó gba Ìworòko dé Adó, tó sì kọjá sí Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀, lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo dé ààfin Èwí, ti Ògògà àti ti Arínjalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó sọ ààfin Ìkẹ́rẹ́ di olókìkí káyé kò sí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́.

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tó sì fi Ìsẹ̀ ṣe ibùgbé, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà. Ìtàn ló gbẹ́ sára ilẹ̀kùn náà: bí Kapiténì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wọ Ìkẹ́rẹ́. Àwọn alárù gbé òyìnbó náà rù. Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba kò dìde. Àlejò ló ń tọ onílé wá.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á, ọba kò tà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà: ọba jókòó, olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá mọ ipò obìnrin nínú ìfọbajẹ yóò lóye rẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ papò dà ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, Olójú-ifun Ọlọ́wẹ̀, ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ John Pemberton. Igi rékọjá òkun, oríkì kò kúrò nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ààfin, ẹ má ṣe ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ sì padà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè: ta ló gbẹ́ ère yìí? Ọba wo ló gbẹ́ ẹ fún? Kí ni ó ń sọ? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí a kò bèèrè lónìí, a lè má rí ẹni bi í lọ́la.