Omi Àkọ́mu Ọmọ Ọwọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí iwájú yín kéré lójú. Ife omi kan ni, àti ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà tí a fẹ́ fún ní omi náà mu. Ṣùgbọ́n bí ó ti kéré tó, ilé tí a kò ti jiyàn lórí rẹ̀ rí kò pọ̀ láti Àpápá títí dé Ajégúnlẹ̀: ìyá ọkọ yóò wà ní apá kan, ìyàwó àti nọ́ọ̀sì ní apá kejì. Mo fẹ́ kí a wo ibi tí iyàn náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí a máa ń dá lẹ́bi nínú rẹ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi jù.

Ní ayé àwọn baba wa, ọmọ kì í dúró di oṣù mẹ́fà kí ó tó mọ omi. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bá ń sọ ọ́ ní orúkọ, omi wà lára ohun tí a máa ń fi kan ètè rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti oyin, a ó sì gbàdúrà pé bí omi kò ti ní ọ̀tá, kí ọmọ náà má ṣe ní ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ti fi obì àti ataare sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fi omi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni rírọ́ ọmọ. Ìyá yóò tẹ́ ọmọ sí orí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí ẹnu rẹ̀, yóò sì da omi, tàbí àgbo, tàbí ẹ̀kọ síbẹ̀, ọmọ yóò sì máa gbé e mì pẹ̀lú ẹkún. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró rẹ̀ rí kò lè gbàgbé. Kì í ṣe láti fi ìyà jẹ ọmọ ni a fi ń ṣe é. Àwọn àgbà rí i pé oòrùn mú, wọ́n sì rò pé ohun gbogbo tí ó bá ń mí ni òùngbẹ ń gbẹ. Ta ni ìbá sọ fún wọn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wàrà ọmú, bí 87 ni ó jẹ́ omi?

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè irú omi tí omi náà í ṣe. Ní Èkó àtijọ́, omi kànga àti omi òjò ni. Ní ọdún 1854, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Snow, ti fi hàn pé omi kànga kan ní Broad Street ni ó ń tan àrùn onígbáméjì ká àdúgbò náà. Nígbà tí ó ṣe, Gómìnà Walter Egerton pinnu láti fa omi mímọ́ wá sí Èkó láti Ìjù. Ẹ má ṣe rò pé ará ìlú fò fún ayọ̀. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ bù lé ìlú. Oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Wọn kò ṣe aláìmọ iyì omi mímọ́. Ohun tí ó dun ìlú ni pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò ṣe ní àǹfààní jù, àwọn ọmọ ìlú ni yóò sì san owó rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù ní ọdún 1910, nígbà tí ó sì di ọdún 1916 tí a fẹ́ gba owó náà, Èkó dàrú. Herbert Macaulay wà nínú àwọn tí ohùn wọn ròkè jù. A máa ń ka ìtàn yìí sí ìtàn òṣèlú. Ní tèmi, mo máa ń kà á sí ìtàn ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú: ta ni yóò san owó ohun tí ọmọ yóò mu?

Ní òdìkejì ọ̀sà, ilẹ̀ ni a ń jà lé lórí. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá ní ọdún 1913. Olóyè Amodu Tijani Oluwa pe ẹjọ́, Macaulay kan náà bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìgbìmọ̀ Privy Council sì dá a láre ní ọdún 1921. Ní ọdún náà gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté Àpápá, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1926, ibùdó mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá ti wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Úròbò, Ìgbò, wọ́n sì tẹ̀dó sí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn èbúté. Ajé gún sí ilẹ̀ níbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ṣùgbọ́n omi kò bá ajé wá. Kànga àti ṣáláńgá sún mọ́ ara wọn, òjò ń da méjèèjì pọ̀, omi kànga tí ó sún mọ́ etí òkun sì ń ní iyọ̀ nínú.

Nígbà náà ni ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn dé. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọ ní Imẹ̀sí-Ilé, ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sí orí káàdì, irú èyí tí àwọn ìyá ṣì ń gbé lọ sí ibi ìwọ̀n di òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ-ọmọ Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tí a mọ̀ sí olórin ìjọ. Ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di 1992, ní àkókò rẹ̀ ni a sì kọ́ àwọn ìyá káàkiri ilẹ̀ yìí láti po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú yóò mu ún, yóò sì la ojú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ìyá tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí omi tí ó jí ọmọ dìde, òun náà ni a padà wá bá láàárín ọdún díẹ̀ pé kí ó má ṣe fún ọmọ jòjòló ní omi rárá. Ní ọdún 2001, ìpàdé ìlera gbogbo ayé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Òtítọ́ ni: omi a máa kún ikùn kékeré náà láìbọ́ ọ, a sì máa gbé àrùn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni jókòó ti ìyá náà láti ṣe àlàyé pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà jẹ́ oògùn fún ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń tán lọ, kì í ṣe ohun mímu ojoojúmọ́? Nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń mu ọmú nìkan. Àwọn kan pe èyí ní agídí. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ó sì wá ku ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé. Ní ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ àti oúnjẹ líle bẹ̀rẹ̀, ọmú kò sì dáwọ́ dúró. Omi díẹ̀díẹ̀ a wá bá oúnjẹ rìn, láti inú ife, kì í ṣe láti inú ìgò onírọ́bà tí ó ṣòro láti fọ̀ mọ́. Títí di ọjọ́ náà, ìyá ni ó ń sẹ́ omi fún ọmọ nínú ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, omi ìlú ni ọmọ yóò máa mu.

Ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìyá àgbà kan dìde ní ẹ̀yìn. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí n má ṣe fún un. Bí ó bá wá pé, èwo nínú omi ilé mi ni kí n fún un?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n: omi kànga tí ó ní iyọ̀, omi mẹ̀rúwà nínú kẹ́ẹ̀gì, tí òun kò mọ ibi tí a ti pọn ọ́n, àti píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá, tí a ń fi owó rà. Mo sọ fún un pé kí ó yan omi tí kò ní iyọ̀, kí ó sè é títí yóò fi hó dáadáa, kí ó bò ó kí ó tutù, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó bù ú. Ó bi mí bóyá síse yóò mú iyọ̀ kúrò nínú omi kànga. Mo ní rárá, kòkòrò àrùn ni síse ń pa. Kì í yọ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ epo. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bèèrè iye tí kẹrosíìnì jẹ́ ní ọjà Boundary ní ọ̀sẹ̀ náà. Obìnrin mẹ́ta ni ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.