Ká tún un ṣe ni, àbí ká ra òmíràn? Ìtàn ọkọ̀ tó forí sọ nílẹ̀ Pobè àti Sakété



Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀ míì lójú ọ̀nà. Bí a bá ti dúpẹ́ tán pé ẹ̀mí ò bá a lọ, ìbéèrè tó kù ni pé: ká tún un ṣe ni, àbí ká tà á fún àwọn tó ń ra àwókù, ká wá owó ra òmíràn? Bàbá á ní ká tún un ṣe. Ọmọ á ní ká jù ú sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ. Ìgbà tí kálukú wọn gbọ́njú ni kò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, irin kì í ṣòfò lọ́wọ́ wa. Alágbẹ̀dẹ ló ń sọ ọkọ́ tó gbó di ọ̀bẹ, tó ń sọ àdá tó ṣẹ́ di nǹkan míì. Nígbà tí ojú irin dé Pobè ní 1913, tí ó ń kó èkùrọ́ àti epo pupa lọ sí Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ṣọ̀wọ́n. Títí di ìgbà tí àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè ní 1922, ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti rélùwéè ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀.

Ìgbà ọkọ̀ wa gan-an bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Peugeot. Ọdún 1960, tí Dahomey àti Nàìjíríà gba òmìnira, náà ni Peugeot 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1965, èbúté Kútọnu ṣí, ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tààrà. Ní 1968, 504 tẹ̀lé e. Ta ni kò rántí bâchée nínú wa? Èèyàn lẹ́yìn, àgbàdo lórí, adìẹ lábẹ́ àga. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975, àwọn pièce rẹ̀, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní páàtì, kò jìnnà sí wa mọ́.

Ọkọ̀ ìgbà náà fara da òòlù. Páànù rẹ̀ nípọn. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú, kò ní airbag. Bí ó bá forí sọ igi, tólíè á fà á, á nà án, á jó o, á kùn ún. Bí mótò bá ń dún, tí táyà sì tọ́, ó parí. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn pé kò sí ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ, fún ọkọ̀ ìgbà wọn.

Ọdún 1994 ló wá fi èdìdì dì í. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, wọ́n gé owó sẹ́fà sí méjì. Kó tó dìgbà náà, 50 F sẹ́fà ni fránkì Faransé kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di 100 F. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì: pièce tí wọ́n ń tà ní 1 000 fránkì ní Paris, 50 000 F ni lọ́wọ́ wa lánàá, 100 000 F ni lónìí. Owó oṣù olùkọ́ kò sì di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun tó kù ò ju méjì lọ: ká máa tún ti àtijọ́ ṣe, tàbí ká ra òkàsíọ̀n. Lódìkejì, ètò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 ti fi ojú náírà gbolẹ̀ ṣáájú, òun náà ló jẹ́ kí ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba ìlú kan níbẹ̀. Ìyà kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Láti ìgbà náà ni Kútọnu ti di ọjà òkàsíọ̀n ńlá. Nàìjíríà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹn ń lọ, títí Abuja fi fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017, tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa láti oṣù Kẹjọ 2019 di oṣù Kejìlá 2020. Ojú wa ló ṣe ní Ìgòlò.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí o. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, owó iṣẹ́ ọwọ́ wọ́n. Ọkọ̀ lè fọ́ níwájú, kí ilé-iṣẹ́ asiráǹsì ṣírò rẹ̀ pé owó àtúnṣe ti fẹ́ kó iye ọkọ̀ náà tán. Wọ́n á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gba ọkọ̀, wọ́n á tà á ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á á gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, tólíè á nà án, á kùn ún, á máa dán bíi dígí. Kì í ṣe gbogbo òkàsíọ̀n ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Ní 2020, Ghana ṣe òfin tó fi de ọkọ̀ tí ìjàǹbá ti bàjẹ́ kó má wọlé.

Ìyẹn ni pé, ẹni tó bá ta ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́, tó sì lọ ra «òmíràn», ó lè jẹ́ ọkọ̀ míì tó ti fọ́ rí ló rà. Ti tẹ́lẹ̀, ó mọ ibi tó ti gbá. Èyí, kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àre tiwọn. Ọkọ̀ ti yí padà. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní Mercedes, ló ronú pé kò yẹ kí gbogbo ara ọkọ̀ le bí òkúta. Kí iwájú àti ẹ̀yìn rún, kí wọ́n gba agbára ìkọlù náà, kí ibi tí èèyàn jókòó sí má rún. Ní 1959, Mercedes gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Lónìí, gbogbo ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé e: ọkọ̀ ń kú kí èèyàn má bàa kú. Irin líle tí wọ́n fi ń ṣe é nísinsìnyí máa ń pàdánù agbára rẹ̀ bí a bá fi iná yọ́ ọ ká tó nà án. Airbag tó bá ti bú jáde, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí a nà tó lẹ́wà lójú lè má lè gba ìkọlù kejì. Ọmọ ta ni yóò jókòó níwájú lọ́jọ́ náà?

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti owó. Ibo ló ti gbá? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn, iná, irin iwájú tàbí páànù ẹ̀gbẹ́, ẹ tún un ṣe, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣáásì ló wọ́, tí òpó ilẹ̀kùn tẹ̀, tí airbag sì ti bú, ẹ rò ó dáadáa, kódà bí tólíè bá ní kò sí wàhálà.

Ẹ̀yìn náà ni owó kàn. Ká sọ pé ọkọ̀ yín tó 2 000 000 F kó tó forí sọ, wọ́n fẹ́ ra àwókù rẹ̀ ní 500 000 F, òmíràn tó jọ ọ́ sì máa ná yín ní 2 200 000 F pẹ̀lú carte grise. Ìparọ̀ á gba 1 700 000 F lọ́wọ́ yín. Bí tólíè bá pe 900 000 F, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kún un fún ohun tí wọn ò tíì rí: ó di 1 170 000 F. Ẹ tún un ṣe. Bí ó bá pe 1 500 000 F, ó di 1 950 000 F. Ẹ rà á. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, kó ṣírò iye ọjọ́ tí ọkọ̀ á fi wà ní gàráàjì pẹ̀lú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé asiráǹsì jù. Òfin CIMA, tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní Yaoundé ní 1992, ló fi asiráǹsì ṣe dandan. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ dandan, ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín, ọkọ̀ tiyín wà lọ́rùn yín, àfi bí ẹ bá ti sanwó kún un. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹnì kejì, expert á wo ọkọ̀ yín; bí àtúnṣe bá ju iye ọkọ̀ lọ, iye ọkọ̀ ni wọ́n máa ń san. Ẹ má jẹ́ kí tólíè fọwọ́ kàn án kí expert tó dé. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn, kó kọ nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ lè bá àwòrán rẹ̀ pàdé lọ́jọ́ tó fọ́. Ẹ wò ó bóyá àlàfo ilẹ̀kùn dọ́gba, bóyá táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ṣí i: iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Àwọn bàbá wa kọ́ wa pé a kì í ju irin nù, ẹ̀kọ́ náà dára. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa kún un: irin la lè nà, a ò lè na èèyàn.

Ẹ̀yin tólíè, ẹ̀yin awakọ̀, ohun tí ẹ mọ̀ ju tèmi lọ. Ẹ bá wa dá sí i nísàlẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ wa lójú ọ̀nà o.