Pápá Oníkán: Orúkọ Mẹ́rin, Ilẹ̀ Kan

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi! Bí a ṣe ń kíra wa ní Kàbà nìyẹn, ìkíni náà ló sì di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa. Orúkọ tó máa mọ́ni lára kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn pápá ìṣeré kan l'Ékòó tó ti jẹ́ orúkọ mẹ́rin, àmọ́ tó jẹ́ pé Oníkán ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló ṣe é, wọ́n sì fi orúkọ ọba wọn, King George Karùn-ún, pè é. Àdúgbò ìgbafẹ́ ni Oníkán nígbà náà. Pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá òmìnira wa ní 1960, òun náà ló di Tafawa Balewa Square. Ní 1928, Dókítà J. K. Randle fi owó ara rẹ̀ ṣe odò ìwẹ̀ síbẹ̀ kí ọmọ Èkó lè mọ omi wẹ̀, torí ìjọba òyìnbó kọ̀, wọn ò ṣe é.

Bọ́ọ̀lù ló wá sọ pápá náà di ti gbogbo wa. Ní 1945, ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀, òun ló di Challenge Cup lẹ́yìn náà. Marine ti Èkó ló kọ́kọ́ gbà á. Àmọ́ ní 1953, Kano gba ife náà lọ sí Àríwá, níbi tí wọ́n ka àwa ará Kàbà náà mọ́ láyé ìgbà yẹn. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Teslim Balogun, "Thunder", wà lára wọn, ẹsẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, orúkọ ọba òyìnbó kúrò. Ní 1963 ó di Lagos City Stadium, ní 1973 ó di Onikan Stadium. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí National Stadium ní Sùúrùlérè ní 1972, àwọn ìdíje ńlá sì kó lọ síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Stationery Stores ni kò jẹ́ kí Oníkán dákẹ́.

Nígbà tó yá, pápá náà gbó. Ìjọba Ambode wó o láti tún un kọ́. Lábẹ́ Sanwo-Olu ni wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó kú ní October 2019, sọ ọ́. Ìjókòó bí 10,000 ló wà níbẹ̀ báyìí, koríko àtọwọ́dá ló sì wà nílẹ̀. Sporting Lagos ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń tò wọlé lọ́jọ́ ìparí ọ̀sẹ̀.

Inú mi dùn sí i. Koríko àtọwọ́dá kì í di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ìdíje púpọ̀ kì í sì í tètè bà á jẹ́. Àmọ́ ohun tó bá wọ́n owó, ọgbà ni wọ́n máa ń ṣe yí i ká. Ẹni tó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ ẹni tó máa wọlé. Ṣé ọmọ àdúgbò tí kò ní ẹgbẹ́, tí kò ní owó, ṣì ní ọjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀?

Ní Kàbà, orí ilẹ̀ pupa ni mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì ni góòlù wa, kò sì sẹ́ni tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìjọba bá fẹ́ tún pápá tiwa náà ṣe lọ́la, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó da símẹ́ǹtì sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ilẹ̀kùn máa ṣí fún gbogbo ọmọ? Randle ti dáhùn ìbéèrè yẹn láti 1928.

Ó dìgbà kan ná. Òkun o.