Ìlànà àti Eré nínú Ẹ̀kọ́ Ilé: Láti Agboolé dé Ilé Kúdẹtì ní Ìbàdàn

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún òbí tí ó bá rò pé ìta ni a ti í kọ́ ọmọ. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kalẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ajíhìnrere dá ilé ìwé sílẹ̀ ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ Yorùbá kò kọ́ ohunkóhun kí ọjọ́ náà tó pé. Ohun tí ó yẹ kí a rántí ni pé ilé ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé gbígbé ni. Ọmọ kékeré àti ọmọ tí ó ti gòkè àgbà ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ìyá kan ṣoṣo. Bí ilé náà ṣe rí ẹsẹ̀ walẹ̀ kò ní yé ènìyàn dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ wo agboolé tí àwọn ọmọ náà ti jáde wá.

Nínú agboolé, kò sí ọmọ tí a ń dá kọ́. Ọmọ ọdún 4, ọmọ ọdún 8 àti èyí tí ó ti ń bá baba rẹ̀ lọ sí oko ni wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń kí àgbà, tí wọ́n sì jọ ń jẹun. Ìlànà wà níbẹ̀, kò sì rọ̀. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ iṣẹ́ àárọ̀ mọ̀ pé pàṣán kò jìnnà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa bá ọjọ́ orí mu. Ìkòkò omi tí àbúrò ń rù kò tó ti ẹ̀gbọ́n. Ọkọ́ tí a fún ọmọdékùnrin kò tó ti baba rẹ̀. Ọ̀nà odò kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, èyí tí ó kéré a sì máa wo bí èyí tí ó dàgbà ṣe ń ṣe òṣùká, bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹru, àti bí ó ṣe ń kí àwọn tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n ṣe di olùkọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í jẹ oyè bẹ́ẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí òṣùpá sì yọ, ẹ̀kọ́ kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí a ṣe to àlọ́ pípa. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó ń ṣáájú. Ó kúrú, ó yá, ọmọ tí ó kéré jù sì lè mọ ìdáhùn èyí tí ó ti gbọ́ lálẹ́ àná, kí inú rẹ̀ sì dùn pé òun náà gbọ́n. Lẹ́yìn èyí ni àlọ́ onítàn tó wọlé, pẹ̀lú orin àti ègbè. Ọmọ ọdún 3 lè má mọ ìdí tí Ìjàpá fi kó sínú ìyọnu, ṣùgbọ́n ó lè gbe orin. Ọmọ ọdún 7 ń tẹ̀ lé ìtàn. Ọmọ ọdún 12 ti mọ ìtàn náà, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni ó ń wá. Ó sì lè jẹ́ òun ni yóò pa á lálẹ́ ọ̀la. Àlọ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó bu èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká.

Eré yìí pàápàá ní òfin tirẹ̀. Èèwọ̀ ni kí a pa àlọ́ lọ́sàn-án. Kò ṣòro láti rí ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀: bí a bá fi àyè gba àlọ́ lójú ọ̀sán, oko yóò kún fún èpò, omi kò sì ní sí nínú àmù. Àwọn àgbà kò ka àlọ́ sí ohun tí kò wúlò; wọ́n fún un ní àkókò tirẹ̀ ni. Nítorí pé àkókò náà dájú, ọmọ tí ó ń ro oko lọ́sàn-án mọ̀ pé eré ń bọ̀ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayò ọlọ́pọ́n rí. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá ń ta á gbọ́dọ̀ lè ṣírò kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra. Ọmọdé tí ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ta àti ọ̀pẹ ń kọ́ ìṣirò, kò sì mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ.

Kí àwọn òyìnbó tó dé Ìbàdàn, àwọn Mùsùlùmí náà ti ní ilé kéwú tiwọn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, alùfáà kan ni ó ń kọ́ ọmọ kékeré àti ọmọ ńlá pọ̀. Olúkúlùkù mú wàláà tirẹ̀ lọ́wọ́, ibi tí ó bá kà dé ni ó sì ń tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń dúró de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí a ń lé.

Irú ayé báyìí ni David Hinderer wọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, C.M.S. ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ní 1853 ó padà dé pẹ̀lú Anna aya rẹ̀, tí ó gbé níyàwó ní 1852, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Anna ní 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Lowestoft. Kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ Ìbàdàn ń pè é.

Ọmọ kò tètè wá. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà, ọ̀pọ̀ baba ni ó sì rò pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Ẹlòmíràn bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti ń jókòó ti ìwé, kò ní lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Àwọn ọmọdé fúnra wọn ń sá fún òyìnbó. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé náà ni Yéjídé àti Akínyẹlé, tí Ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ baba wọn fà lé Anna lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń wá díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń gbé inú ilé, àwọn mìíràn ń ti ilé baba wọn wá. Ní 1858, Henry Johnson wá láti Sàró láti ran Hinderer lọ́wọ́, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel, tí wọ́n bí ní 1846, òun náà ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ọmọ bí ọdún 12 ni nígbà tí ó dé Ìbàdàn, ó sì kàwé lọ́dọ̀ Hinderer.

Báwo ni a ṣe lè fi ilé kan ṣoṣo kọ́ irú àwọn ọmọ báwọ̀nyí? Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Anna, tí a kó jọ di ìwé ní 1872 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi hàn pé àdúrà, ìwé kíkà, orin àti ìránṣọ ni ó gba ọjọ́ wọn. Ìwé tí a tẹ̀ ní èdè Yorùbá kò pọ̀ rárá nígbà náà. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí ó ti jáde nígbà tí Anna dé Kúdẹtì. Níbi tí ìwé bá ti ṣọ̀wọ́n, ẹnu àti etí ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé. Ohun tí ọmọ ńlá bá kà, ọmọ kékeré yóò gbọ́, yóò sì há a sórí. Orin ni ó sì wúlò jù, nítorí pé orin kì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹni tí kò tíì mọ a, b, d lè gbè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbe orin àlọ́ nílé ìyá rẹ̀. Ọmọ agboolé kò ní láti tún ara rẹ̀ dá kí ó tó lè jókòó nínú ilé Kúdẹtì. Ọ̀nà tí ó ti mọ̀ ni ó bá níbẹ̀.

Ogun ni ó dán ilé náà wò. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà etíkun sì dí mọ́ Ìbàdàn. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Owó àti ẹrù tí ó yẹ kí ó ti Èkó wá kò rí ọ̀nà wọlé. Hinderer àti aya rẹ̀ ń ta ohun èlò ilé wọn láti fi wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ebi pa wọ́n, àìsàn sì ń ṣe Anna léraléra. Ní 1865, Glover tí ó jẹ́ aláṣẹ Èkó rán àwọn ènìyàn wá láti gbé e jáde. Ó padà wá ní 1867, ó sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo ọdún ogun wọ̀nyí, ilé Kúdẹtì kò tú. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó gba àkóso iṣẹ́ náà. Lára àwọn ọmọ tí a tọ́ níbẹ̀ ni a sì ti rí àwọn tí ó di olùkọ́ fún àwọn mìíràn.

Kò yẹ kí a gbàgbé apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ìdùnnú agboolé ni ilé Kúdẹtì gbà wọlé. Ọdún egúngún, ìlù òrìṣà àti ijó ojúbọ, iṣẹ́ òkùnkùn ni àwọn ajíhìnrere pè wọ́n. Ọmọ tí ó ń kọrin ìjọ lówùúrọ̀ mọ̀ pé orin kan wà nílé baba òun tí òun kò gbọdọ̀ dá mọ́. Ohun tí ọmọ gbà nínú ilé náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò kéré. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń kọ́ ọgbọ́n, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí a ti ń ṣe eré àbáláyé.

Ìyapa náà wá gbòòrò sí i bí ilé ìwé ṣe ń pọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kì bá tí rí ìwé kà ni ó wọ ilé ìwé. Oore ńlá ni èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì nílò ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà, a ní kí ọmọ na ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí, kí ó fi kan etí kejì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó yá. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ kíláàsì kan, àbúrò wọ òmíràn tàbí kí ó kù sílé. Àǹfààní tí ọ̀kan ń rí lára èkejì látàárọ̀ dalẹ́ dín kù, ó wá ku ìgbà tí wọ́n bá padà dé.

Àwọn onímọ̀ kan wá ọ̀nà láti tún nǹkan ṣe. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ wọn, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ohun tí a ń sọ ni ó lè gbádùn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń gbádùn rẹ̀ ni kì í sá fún ìlànà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní oṣù kẹta 2020, àrùn Kòrónà mú kí a ti ilé ìwé ní Nàìjíríà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ òbí bá ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí tábìlì kan ká, tí ìwé ọ̀kan kò bá ti èkejì mu. Àwọn kan fi aago ilé ìwé sí ilé, wọ́n sì ń bá ọmọ jà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn fi ọmọ sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí ó rọrùn fún ni àwọn tí ó mọ̀ pé àgbà nínú ọmọ lè kàwé fún kékeré, pé iṣẹ́ ilé lè jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò, àti pé bí eré bá ní àkókò tí ó dájú, ọmọ kò ní jí àkókò iṣẹ́ fún un.

Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1899 darapọ̀ mọ́ ti C.M.S. Èkó ní 1950, wọ́n sì di St. Anne's ní Mọ́lété, tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí Anna Hinderer. Orúkọ Yéjídé náà wà lára ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn títí di òní. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tí ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ náà ní orin gbígbè lábẹ́ òṣùpá kò ní ilé ìwé kankan tí ń jẹ́ orúkọ wọn. Ìrántí tí a lè ṣe fún wọn ni kí òbí àti olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọgbọ́n wọn parẹ́: kí iṣẹ́ wà, kí eré wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ àkókò tirẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n sì fa àbúrò lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ọwọ́ méjèèjì nínú ni kì í bàjẹ́.