Ilẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Second Life àti Decentraland

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Linden Lab ní San Francisco ṣílẹ̀kùn Second Life, ayé kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, fún gbogbo ènìyàn. Philip Rosedale ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1999. Ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ yan avatar, ìyẹn ara tí yóò máa gbé kiri níbẹ̀. Ó lè fi rìn, ó lè fi fò, ó sì lè fi bá ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ dúró lójú kan. Kò sí ọ̀tá láti pa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ife ẹ̀yẹ láti gbà. Ilẹ̀, omi àti òfuurufú ni Linden Lab pèsè; àwọn ará ibẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Owó orí ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Linden Lab ń gba owó lórí ohun tí kálukú bá kọ́, débi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù ló ń san jù. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀lé. Wọ́n to àpótí tíì jọ gègèrè káàkiri, ní ìrántí àwọn ará Boston tó da tíì àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì sómi nítorí owó orí ní 1773. Kí ọdún 2003 tó parí, wọ́n fagi lé owó orí náà, ilé-iṣẹ́ sì kéde pé ẹni tó ṣe nǹkan ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìkéde yẹn ló sọ ibẹ̀ di ọjà.

Dọ́là Linden ni owó ọjà náà. Nǹkan bí 250 rẹ̀ ló ń lọ fún dọ́là Amẹ́ríkà kan, ẹni tó bá sì pa á lè ṣẹ́ ẹ sí owó gidi. Ohun tí wọ́n ń rà kò ṣòro láti mọ̀. Avatar tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà kò ṣeé mú ròde: irun rẹ̀ gan bíi páálí, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sóde ijó á ra irun, á ra aṣọ, á ra awọ ara, á tún ra ìrìn, torí àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ya bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé kí wọ́n sì tà á. Ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí rí kò ní bèèrè ìdí.

Ilẹ̀ náà ń pawó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anshe Chung níbẹ̀ ń ra ilẹ̀, ó ń pín in, ó ń fi í háyà, títí àwòrán avatar rẹ̀ fi hàn lójú ìwé àkọ́kọ́ BusinessWeek ní 2006. Ariwo ta. Toyota dé, Reuters fi akọ̀ròyìn síbẹ̀, orílẹ̀-èdè Maldives sì ṣí ilé aṣojú síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2007, ṣáájú Sweden. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dá páropáro, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe níbẹ̀ ju kó wo ọjà lọ. Púpọ̀ nínú wọn palẹ̀ ẹrù mọ́.

Jìbìtì kò gbẹ́yìn. Linden Lab fòfin de tẹ́tẹ́ ní oṣù Keje 2007. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Ginko Financial, báńkì inú Second Life tó ṣèlérí èlé tó lé ní ìdá 40 nínú 100 lọ́dún, kógbá sílé pẹ̀lú owó àwọn ènìyàn. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2008, báńkì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba kò gbọ́dọ̀ san èlé níbẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kejì, Decentraland, gba ọ̀nà mìíràn. Ari Meilich àti Esteban Ordano, ọmọ Argentina, ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2017, wọ́n ta tókìn MANA, owó ibẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 24 dọ́là sì wọlé kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Wọ́n ta ilẹ̀ ní gbàǹjo ní òpin ọdún náà, wọ́n sì kọ ẹ̀tọ́ olùrà sórí blockchain, àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Oṣù Kejì 2020 ni ibẹ̀ tó ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ó lé ní ọdún méjì tí àwọn onílẹ̀ fi ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń tún un tà, kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé.

Ohun tí wọ́n fi ń polówó ilẹ̀ náà ni pé kò ju ìpín 90,601 lọ. Bẹ́ẹ̀ nǹkan mìíràn ló ń sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ní ọjà Balógun l'Ékòó, ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà wọ́n ju ti kọ̀rọ̀ lọ nítorí pé ẹsẹ̀ ni oníbàárà fi ń kọjá. Ní Decentraland, ènìyàn lè fò láti ìkángun kan bọ́ sí ìkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pọn dandan kí ènìyàn gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni kọjá. Lẹ́yìn tí Facebook yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Meta ní oṣù Kẹwàá 2021, owó MANA kan fò sókè kọjá dọ́là 5 lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ìparí 2022, ẹyọ kan kò tó 50 sẹ́ńtì.

Awò ńlá tí wọ́n ń dè mójú láti wọ inú irú ayé báyìí náà kò yanjú ọ̀rọ̀. Linden Lab fúnra rẹ̀ ṣí Sansar, ayé mìíràn tó kọ́ fún awò náà, ní 2017, ó sì tà á dànù ní 2020. Ẹ̀ka Meta tó ń ṣe awò pàdánù bílíọ̀nù 13.7 dọ́là ní 2022 nìkan. Òòyì ń kọ́ àwọn kan tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ojú kì í sì í rí ohun tó ń jó lórí sítóòfù.

Second Life pé ogún ọdún ní 2023, orí kọ̀ǹpútà lásán ni ọ̀pọ̀ ṣì ti ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣì ń san owó ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ṣì ń ra irun.