Kọ́bọ̀ Méjì, Orúkọ Kan: Ìṣirò Ìpín Dídọ́gba Láti Ìkòròdú Dé Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bí owó ìlú bá yí padà, ọlọ́jà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ọjà Èjìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú àti oníṣòwò Èkó ti ń pàdé létí ọ̀sà. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì dé, ó di dandan kí wọ́n máa fi ọ̀kan wọn èkejì. Ká ní ẹgbàá kan jẹ́ sísì, èló ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mẹ́rin ni ẹgbàá. Nítorí náà, a ó pín kọ́bọ̀ mẹ́fà sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò sì jẹ́ kọ́bọ̀ kan àbọ̀. Irú ìṣirò yìí ni Aryabhata kọ sílẹ̀ ní Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 499. Òun náà ni Leonardo ará Pisa, tí ó kọ́ ìṣirò ní Bejaia ní àríwá Áfíríkà, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1202.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ 12 ni àwọn ènìyàn ń kà sí ṣílè tẹ́lẹ̀. Orúkọ kan náà, iye ọ̀tọ̀.

Èló tuntun ni ọjà kọ́bọ̀ mẹ́rin àtijọ́? A ó kọ ọ́ báyìí:

4/12 = x/10

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di 120. Apá kìn-ín-ní di 40/120. Apá kejì di 12x/120. Bí ìsàlẹ̀ bá dọ́gba, òkè gbọ́dọ̀ dọ́gba: 12x = 40. Nítorí náà, x jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òkè apá kan sọ ìsàlẹ̀ apá kejì di púpọ̀ ní àgbélébùú. Kì í ṣe idán.

Ààbọ̀ kọ́bọ̀ ni owó tí ó kéré jù nígbà náà. Kò sí èyí tí a lè fi san ìdá mẹ́ta. Ẹni tí ó ń ra ọjà pọ́n-ùn kò ní ìṣòro, nítorí náírà méjì gérégé ni. Ṣùgbọ́n tálákà tí ó ń ra ẹja díẹ̀díẹ̀, bí ó bá san kọ́bọ̀ tuntun 12 fún ọjà ṣílè kan, ó ti fi kọ́bọ̀ méjì ṣòfò.

Ẹ̀yin olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há àgbélébùú sórí lásán lè yege ìdánwò. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ ni a kò ní rẹ́ jẹ. Ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ fún ìjíròrò ni pé: èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú kíláàsì, òfin ni tàbí ọjà?