Ilẹ̀kùn Ṣí, Ta Ló Kí Àlejò?

Ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá ń wá ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní í rìn jìnnà. Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Adó. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, wà lọ́nà Ìwòròkò. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá dé ní 2009, ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì sì tẹ̀lé e ní 2011. Iná lè lọ, dátà lè tán láàárín iṣẹ́, síbẹ̀ ẹ ó bá wọn nídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kọ kóòdù.

Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò ló jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní open source: sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tó lè tún un ṣe, tó sì lè pín in fún ẹlòmíì. Fóònù Android tó wà lápò yín, orí Linux ló dúró lé, open source sì ni Linux. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé kò sí géètì níbẹ̀, pé tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin ló lè wọlé. Òótọ́ ni, kò sí géètì. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kí àlejò káàbọ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí.

Ní 1983, Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU. Ohun tó ń jà fún ni pé kí ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà ní ẹ̀tọ́ láti wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tó ń kàwé ní Helsinki ní Finland, kọ̀wé sáwọn tí kò mọ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ń ṣe sọ́fítíwíà kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, pé òun kàn ń fi dára yá ni, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó wà nínú ẹ̀.

Àlejò ni Linus nígbà yẹn, kò sì pẹ́ tó fi rí bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ní oṣù kìíní 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amsterdam tí Linus ti ka ìwé rẹ̀, kọ ọ́ ní gbangba pé Linux ti di ohun àtijọ́. Ó ní kí Linus máa dúpẹ́ pé òun kọ́ ni olùkọ́ rẹ̀, torí kò ní í gba máàkì tó ga lọ́wọ́ òun. Linus náà kò panu mọ́, ó fèsì. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kò ní í gba máàkì yìí ló wá gbòde kan lónìí.

Èèyàn á rò pé ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò máa fa àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Linux ṣe ń dàgbà ni èébú Linus náà ń di olókìkí. Ẹni tí kóòdù rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè bú u níwájú gbogbo ayé. Àwọn kan ní ọ̀gá ni, kò burú. Àwọn míì káńgárá wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 2018 ni Linus tọrọ àforíjì ní gbangba, tó ní òun ń gba ìsinmi díẹ̀ láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń dun ẹlòmíì. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbé òfin ìwà tuntun kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ Linux. Ọdún 27 ló gbà.

Kì í ṣe Linus nìkan. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn àgbà ìdí kọ̀ǹpútà ti ní lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń dá ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ lóhùn: RTFM. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó lọ ka ìwé, èébú sì wà láàárín rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ níbí yìí, abéèrè ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tiẹ̀ wá jẹ́ pé ìwé ọ̀hún pé! Ní 2017, GitHub, níbi tí ọ̀pọ̀ kóòdù gbangba wà, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú iṣẹ́ yìí. Nínú 100 tó fèsì, 93 ló ní ìwé àlàyé tí kò pé tàbí tó ti gbó jẹ́ ìṣòro. 18 ní wọ́n ti hùwà àìdáa sí àwọn rí, 50 ní ó ti ṣojú àwọn. Àwọn obìnrin ńkọ́? 3 péré ni nínú 100. Ẹ ò rí nǹkan: wọ́n ní kí àlejò lọ ka ìwé tí àwọn onílé fúnra wọn mọ̀ pé kò pé.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ onílé. Ó ti rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹrin 2014, ayé gbọ́ nípa àlébù kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed, nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà tó ń bo àṣírí èèyàn lórí apá ńlá íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà, àti pé ọrẹ tí wọ́n ń rí lọ́dún kò ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn tó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ nínú ètò Hacktoberfest da àtúnṣe tí kò nítumọ̀ bo àwọn alábòójútó, títí wọ́n fi yí òfin ètò náà padà. Ní 2024 ẹ̀wẹ̀, àṣírí tú pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan, tó ti fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe bí olùrànlọ́wọ́ nídìí sọ́fítíwíà xz, ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú rẹ̀. Alábòójútó tó ti rẹ̀ ló fọkàn tán an. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tó wá ń fura sí àlejò, a ò lè bá a wí púpọ̀.

Síbẹ̀, ìfura yàtọ̀ sí ìgbéraga. Ẹni tó ń fura á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àlejò, á sì wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Agbéraga kì í wò, á kàn tì í síta ni. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tí kò bá kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù náà títí yóò fi dá a lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí ti télọ̀ ní Adó, ẹ ó bá ọmọṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé, kò mọ nǹkan kan. Ó ń gbálẹ̀, ó ń mọ orúkọ irinṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Wọ́n lè jágbe mọ́ ọn, wọ́n tiẹ̀ lè nà án, a ò sọ pé ètò náà kò lábùkù. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n mọ ìgbà tí yóò ṣe fíríìdọ̀mù, ọ̀gá sì mọ̀ pé bí ọmọ náà kò bá mọṣẹ́, orúkọ òun ló bàjẹ́. Nínú open source, ọ̀dọ́ kan lè ti Adó wọlé lálẹ́ kó sì jáde láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tiẹ̀ mọ̀ pé ó wá.

Ẹ tún wo Olóyè Afẹ́ Babalọlá, ọmọ Adó tí wọ́n bí ní 1929. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sówó láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀kọ́ tí Wolsey Hall ní Oxford ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fi kọ́ra rẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba oyè ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì London, tó sì gba ti òfin ní 1963. Òun ló dá yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìtàn akíkanjú la ṣe máa ń sọ ọ́, akíkanjú sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé apá kejì: London ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò tẹ ọgbà wọn, ilé ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ sì ní olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó ń dá a padà. Ẹnì kan fèsì. Ká ní lẹ́tà mẹ́rin yẹn ló ń ti Oxford bọ̀ ni, bóyá ìtàn míì là bá máa sọ.

Nínú open source náà, àwọn kan ti ń fèsì. Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu jáde pẹ̀lú òfin ìwà tirẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fi sídíì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sáwọn tó bá béèrè káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, Ada Nduka Oyom dá She Code Africa sílẹ̀ ní 2016 fún àwọn obìnrin. Ní 2018, òun àti Samson Goddy dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ l'Ékòó ní oṣù kejì 2020.

Kí ló wá kan Èkìtì níbẹ̀? Ẹ tẹ "Adó" sórí kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, "ó" ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ wá tẹ "ẹ̀fọn" tó ń mu ẹ̀jẹ̀, àti "ẹfọ̀n" tó ń gbé inú igbó. "Ẹ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, "ọ̀" náà kò ní: wọ́n kó lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀ ni. Sọ́fítíwíà tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ èyí lè gbé àmì náà síbi tí kò yẹ, tàbí kó sọ kòkòrò di ẹranko. Ẹni tó lè tètè rí àṣìṣe yìí ni ẹni tó ń sọ èdè náà nílé. Bí wọ́n bá lé e lẹ́nu ọ̀nà, èdè wa náà ni wọ́n lé.

Ní 2020, ìjọba Èkìtì dín owó tí àwọn tó ń ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń san kù, láti 4,500 náírà sí 145 náírà lórí mítà kan. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n okùn kì í dáhùn ìbéèrè, èèyàn ló ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo àárín ara wa pẹ̀lú. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó ń kọ́ kóòdù, ẹni tó mọ̀ ọ́n lánàá ló ń fi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí rẹ́rìn-ín: "Ṣé o ò mọ Google ni?" Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò le. Bí nǹkan bá yé yín lónìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé ẹ gbàgbé bó ṣe ṣòro tó. Ẹ fi kún ìwé tí kò pé yẹn, ní Yorùbá bó bá ṣeé ṣe. Bí ẹnì kan bá béèrè, ẹ dá a lóhùn.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọmọdé nìkan la máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ṣebí omi la fi ń wẹwọ́. Bí àlejò bá dé, onílé ló yẹ kó bu omi.